Mọ́tò Tó Ń Rò Ó Kó Tó Sáré

Etí ni àbúrò mi fi ń jẹun. Ẹ má wo sípánà ọwọ́ rẹ̀, ẹ má wo òróró dúdú tó ti wọ èékánná rẹ̀ tí ọṣẹ kankan ò lè yọ mọ́. Ẹni tó ní sípánà lè tú mọ́tò. Ẹni tó ní etí ló mọ ohun tí mọ́tò ń sọ. Nígbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa, mọ́tò á máa bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òpópó, kò tíì yọ sí wa, òun á ti gbé orí sókè: “Púlọ́ọ̀gì kan ti kú nínú eléyìí.” Tàbí, “Eléyìí ń mu epo bí ọ̀mùtí.” Bí mọ́tò náà bá wá yọ, ẹ ó rí i tó ń tu èéfín dúdú nídìí bí ẹni tí oúnjẹ àná ò bá lára mu. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Elétí nìyẹn. Orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, nígbà yẹn, èmi àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ṣì mọ̀ ọ́n, ìyàwó náà kì í sì í pè é àfi tí inú bá ń bí i.

Òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni yàrá mi wà. Fèrèsé mi kọjú sísàlẹ̀ tààrà, sórí ibi tí wọ́n ti ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an. Látìgbà tí orúnkún mi ti kọ àtẹ̀gùn sílẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń kọ ọkọ, ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí láti àárọ̀, tí mò ń bá àwọn ará ilé rán bọ́tìnì tó já àti ẹnu ṣòkòtò tó tú. Àwọn kan ní mò ń ṣọ́ àwọn. Ẹni tí Ọlọ́run gbé sójú fèrèsé, kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe, kó dijú?

Kábúrétọ̀ ni iṣẹ́ àbúrò mi. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Irin kan báyìí ni, tó ní ihò bí ihò imú, òun ló ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó gbé e mì. Epo pọ̀ jù, á há a lọ́fun. Afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, ebi á pa á. Mọ́tò tuntun ò lò ó mọ́, kọ̀ǹpútà ló ń pò ó fún wọn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ tó ń gé koríko, alùpùpù ogbó tí olówó rẹ̀ ò fẹ́ jù nù, ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù Elétí nìyẹn. Àfi mọ́tò kan ṣoṣo.

Mọ́tò Eléyín ni. Dókítà tó ń yọ eyín ni ọkùnrin náà. Ọmọlúàbí ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé ẹ ó rò pé kò fọwọ́ kan nǹkan rí láyé. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, òun àti àwọn àgbàlagbà mìíràn tí wọn ò rí nǹkan gidi ṣe á gbé mọ́tò eré lọ sí òkè kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n á máa lé ara wọn gun òkè náà. Tirẹ̀ pupa, ó gùn nímú, ó sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá jókòó sínú ẹ̀, àfi bí ẹni jókòó sórí títì. Kábúrétọ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ìkọ̀ọ̀kan ní ẹnu méjì tó là gbọ̀rọ̀ bí ẹnu fèrè. Látìgbà tí irun Eléyín ṣì dúdú, kò sí ọwọ́ mìíràn tó kan ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn yàtọ̀ sí ọwọ́ àbúrò mi.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, Eléyín wọlé, kò rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, mọ́tò yìí ti ń rò ó.”

“Ó ń ṣe kí ni?”

Eléyín gbóhùn sókè. “Ó ń rò ó! Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ iná fún un lójijì, kàkà kó fò, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, á húkọ́, á ṣe bí ẹni ń ronú, kó tó wá sáré.”

Lókè níbi tí mo wà, mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó máa ń ronú tí wọ́n bá ní kó sáré, mo ti fẹ́ irú ẹ̀ lọ́kọ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e kò pa mí lẹ́rìn-ín.

“Lánàá, mo fẹ́ sọdá títì ńlá. Mo tẹ ẹ́, ó dúró sí mi láàárín títì, ó ń rò ó. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀. Bàbá, díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ máa wá kí ìyàwó mi kú ọ̀fọ̀.”

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí.

Ibẹ̀ ni mo ti fura. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀, nínú kó máa wá ìbò tàbí kó má gbọ́, ọ̀kan ni. Eléyín náà rí i pé ẹ̀rín yẹn kò bá ọ̀rọ̀ mu. Ó rìn yí i ká lọ sápá ọ̀tún, ó tún gbogbo ẹ̀ sọ. Ó ní eré orí òkè ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti búra pé tí mọ́tò náà bá ṣì ń rò ó, òun á ju kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sínú ṣáláńgá. Ó ní àwọn kan wà lódìkejì ìlú tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, wọ́n ní ká kúkú yọ kábúrétọ̀ méjèèjì dànù, kí àwọn fi ti kọ̀ǹpútà sí i.

Ẹ̀rín kú lójú àbúrò mi.

“Wọ́n fẹ́ yọ ọ́ dànù?”

“Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é.”

“Kò ní rò ó mọ́. Ẹ lọ máa yọ eyín yín, Dókítà.”

Nígbà tí Eléyín lọ tán, ó gbójú sókè sí fèrèsé mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́? Tí wọ́n bá yọ ìyẹn, kí ló kù tí mò ń ṣe níbí? Kí n máa tún ẹ̀rọ ìgé-koríko ṣe títí ilẹ̀ á fi gbé mi mì?”

“Ilẹ̀ ò ní gbé ọ mì. O ti gbẹ jù.”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní á dáa!”

Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tú kábúrétọ̀ méjèèjì. Ó yọ àwọn bàbà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, tí ihò wọn ò ju imú abẹ́rẹ́ mi lọ, ó fi epo fọ̀ wọ́n, ó fẹnu fẹ́ wọn, ó ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè fi wo ojú ọ̀run bóyá ihò wọn là. Ó wọn ibi tí epo ń dé nínú ikùn kábúrétọ̀. Ó tò ó padà. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi sukudiráfà yí sukúrúù wọlé títí ẹ́ńjìnnì fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó wá ń yí i jáde díẹ̀díẹ̀ títí ara ẹ̀ fi balẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mú rọ́bà ẹ̀. Rọ́bà lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa epo, ó gùn tó apá, ẹnu kan ẹ̀ ti dán nítorí etí. Á ki ẹnu kan bọ etí, á gbé ẹnu kejì síwájú kábúrétọ̀, á máa gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rí. Ó ní àwọn méjèèjì dà bí ẹni méjì tó jọ gbé àpótí ńlá. Wọ́n gbọ́dọ̀ jọ dìde ni. Bí ọ̀kan bá ti ń lọ tí èkejì ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àpótí á fì, wọ́n á dúró kí wọ́n lè tún un gbé. Ìdúró yẹn gan-an ni mọ́tò fi ń rò ó. Sukúrúù kan wà láàárín tó so wọ́n pọ̀, òun ni á máa yí títí ohùn afẹ́fẹ́ níwájú àti ohùn afẹ́fẹ́ lẹ́yìn á fi dọ́gba.

Ó gbọ́, ó yí. Ó gbọ́, ó yí. Ó di bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé mọ́tò jáde, ó dé ojú títì, ó tẹ iná.

Hùn-ún. Mọ́tò rò ó ná, kó tó lọ.

Ó gbé e padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí jẹ́ẹ̀tì. Wẹ́dà tó ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí ẹnu ẹ̀ kì í dilẹ̀, yọrí síta.

“Elétí! Mọ́tò yìí ti kàwé jù o! Ẹ gbà á níwèé lọ́wọ́!”

“Kí lo wí?”

“Mo ní ẹ kú iṣẹ́!”

“O ṣeun.”

Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó tò ó, ó gbọ́ ọ, ó gbé e jáde, mọ́tò rò ó. Mo ń rán bọ́tìnì, mò ń wò ó, nígbà tó yá mi ò rán bọ́tìnì mọ́. Nítorí mo ti rí i.

Apá kan mọ́tò ló máa ń dúró sí, ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Kábúrétọ̀ iwájú bọ́ sápá ọ̀tún ẹ̀, ti ẹ̀yìn bọ́ sápá òsì. Tó bá fẹ́ gbọ́ ti iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń mú rọ́bà, etí ọ̀tún ló ń kì í bọ̀. Tó bá kan ti ẹ̀yìn, á pààrọ̀ ọwọ́, á kì í bọ etí òsì. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó ṣe ń ṣe é látìgbà ọ̀dọ́ ẹ̀ nìyẹn, kò sì burú nígbà tí etí méjèèjì jọ jẹ́ ìbejì. Ní báyìí, tó bá ti gbé e sí etí òsì, á di ojú pọ̀, á tẹrí sí i, á wá yí sukúrúù kí ti ẹ̀yìn lè là sí i. Kò gbọ́ ọ tó. Á tún là á sí i. Kábúrétọ̀ ẹ̀yìn la ẹnu sílẹ̀ bí ọ̀dẹ̀, ó ń gbé afẹ́fẹ́ mì ju ẹnì kejì ẹ̀ lọ, àbúrò mi sì rò pé òun ti bá wọn là á dọ́gba.

Ìyàwó ẹ̀ gbé tíì wá fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

“Ìyàwó,” mo ní, “etí òsì ọkọ rẹ ti kú.”

Ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀.”

“Kí n rọra kí ta ni má baà gbọ́? Òun?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn mi.

“Ó mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. A ti lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú etí. Ó ní ariwo ẹ́ńjìnnì ló jẹ ẹ́. Mo ní ṣé kò sóògùn ẹ̀ ni, ó ní ohun tí ariwo bá ti jẹ, kì í bì í padà. Ó ní ti ọ̀tún náà ti ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ó ní kó máa fi nǹkan di etí tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Kó di etí tó fi ń ṣiṣẹ́?”

“Ohun tí òun náà bi dókítà nìyẹn.”

“Ó dáa. Kí ni dókítà wá sọ?”

“Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹlòmíràn wọlé.” Ó fi ẹnu aṣọ nu ojú. “Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tí wọ́n bá fi gbọ́ pé Elétí ò gbọ́ràn mọ́, ẹ̀rọ ìgé-koríko gan-an ò ní wá. Mò ń pariwo sí i nínú ilé bí ẹni ń lé ewúrẹ́, àwọn ará ilé rò pé à ń jà lójoojúmọ́. Màmá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti wá bá mi, ó ní kí n ní sùúrù fún ọkọ mi.”

A mu tíì náà tán.

Ṣùgbọ́n ọ̀la ni Eléyín ń bọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo fìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn. Ohun tí mo ní lọ́kàn kò le. Kó fi etí kan gbọ́ méjèèjì, ó tán. Etí ọ̀tún ni kó lò síwájú, kó lò ó sẹ́yìn, ìwọ̀n kan náà á wọn àwọn méjèèjì. N ó sọ ọ́ fún un jẹ́jẹ́, òun nìkan á gbọ́.

Ẹ wá bá mi wò ó: ọ̀rọ̀ àṣírí, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ràn?

Ẹ́ńjìnnì ń dún. Mo dúró sápá ọ̀tún ẹ̀, mo fẹnu kan etí ẹ̀.

“Etí kan ni kó o máa lò!”

“Kí lẹ wí?”

“Mo ní etí kan! Fún méjèèjì!”

“Ẹ fẹ́ kí n gbé kí ni?”

Mo fa èémí sínú. Òun náà, kó lè gbọ́ mi, ó nawọ́ sínú mọ́tò, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ohùn mi ti kúrò lẹ́nu mi.

“ETÍ ÒSÌ RẸ TI KÚ!”

Ẹni tó ń kọjá lọ lójú pópó dúró. Wẹ́dà, ẹni tó ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí àwàdà kankan ṣe. Ó wọ awò dúdú ẹ̀ padà, ó tẹrí ba síbi irin, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tan iná kankan.

Àbúrò mi mú àkísà, ó nu ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ tún un wí. Àwọn tó wà lódìkejì odò ò gbọ́ ọ dáadáa.”

Mo gba rọ́bà lọ́wọ́ ẹ̀, mo kì í bọ etí ọ̀tún ara mi, mo nà án síwájú. Mo pààrọ̀ ọwọ́, mo kì í bọ etí òsì, mo nà án sẹ́yìn. Ó ń wò mí bí ẹni ń wo aṣiwèrè. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara ẹ̀ méjèèjì. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó jókòó sórí àpótí sípánà ẹ̀, ó dìde, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó gba rọ́bà, ó kì í bọ etí ọ̀tún, ó gbé e síwájú. Ó gbé e sẹ́yìn. Ó tún gbé e síwájú. Ó yọ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ ẹ, ó tún kì í bọ̀.

“Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì,” ó ní. “Mi ò gbọ́ afẹ́fẹ́.”

“Látìgbà wo?”

“Mo rò pé rọ́bà ló dí. Mo ti ń fọ̀ ọ́.”

Ohun tí mo bá wá sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn o. Mo rò pé mo mú kọ́kọ́rọ́ wá, ilẹ̀kùn ni kò sí mọ́.

Ó na rọ́bà sí mi. “Ẹ gbọ́ ọ fún mi.”

“Èmi? Kí n máa gbọ́ mọ́tò?”

“Ta lẹ fẹ́ kí n pè? Wẹ́dà? Tòun ti kú ṣáájú tèmi, ẹnu ni kò jẹ́ kó mọ̀.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì mọ́tò eré nìyẹn lọ́jọ́ ogbó mi, ara tó ti ń dùn mí, rọ́bà létí, ooru ń fẹ́ sí mi lójú.

“Báwo ni ti iwájú ṣe ń dún?”

“Ó ń ṣe fíìì!”

“Ti ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Òun náà ń ṣe fíìì!”

“Ṣé wọ́n dọ́gba?”

“Báwo ni fíìì ṣe ń dọ́gba?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ohùn rẹ̀ wé nǹkan fún mi!”

“Ti ẹ̀yìn dà bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná.”

“Ife kékeré tàbí ife ńlá?”

“Ọlọ́run á bi ọ́! Èmi ni mò ń mu ún ni?”

Ó yí sukúrúù. Mo tún gbọ́. Mò ń wá ohun tí n ó sọ, mi ò rí i, orí ń fọ́ mi, ló bá ṣàdédé bọ́ sí mi lẹ́nu.

“Ó dà bí ìgbà tí màmá wa bá ń sùn.”

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí sukúrúù. Orí ẹní kan náà ni èmi àtòun ti sùn ti màmá wa, òun lápá ògiri, èmi lápá ilẹ̀kùn. Àyà ló ṣe màmá náà níkẹyìn.

“Kó tó ṣàìsàn tàbí lẹ́yìn tó ti ṣàìsàn?”

“Ti iwájú ni kó tó ṣàìsàn. Ti ẹ̀yìn… ti ẹ̀yìn ni ìgbà tó ń fà á yẹn.”

Ó yí i padà díẹ̀. “Ní báyìí?”

“Ó ṣì ń fà á.”

Ó yí i. “Ní báyìí?”

“Ó ti ń rọlẹ̀.”

“Báyìí?”

“Báyìí, àwọn méjèèjì ń sùn.”

Kì í ṣe ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín gidi, ṣùgbọ́n ó rín in. Ó sáré wọ inú mọ́tò bí ọmọkùnrin, ó gbé e jáde. Mo di ògiri mú, mo tẹ̀ lé e dẹ́nu géètì. Ó tẹ iná.

Hùn.

Ó kúrú sí ti tẹ́lẹ̀. Ó kúrú dáadáa. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ó padà dé, ojú ẹ̀ ti le. “Ohun kan kù. Tí mo bá tẹ iná lójijì, kí ariwo tó dé, ohùn kan wà, ó kéré, bí ẹni tu itọ́ láàárín eyín. Epo tó ń fọ́n wọlé ni. Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ tu ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́ èwo ló ń pẹ́.”

Ó tẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì bú lé mi lórí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

“Kí lẹ gbọ́?”

“Ariwo!”

“Ṣáájú ariwo!”

“Kò sí ohun tó wà ṣáájú ariwo!”

“Ó wà! Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sí i!”

Ó tẹ ẹ́, ó tẹ ẹ́, ó tẹ ẹ́. Ọlọ́run rí mi, mo fetí sí i títí omi fi ń já bọ́ lójú mi. Èmi ni mo ní etí, òun ló mọ ohun tí etí ń wá, àwa méjèèjì sì dúró lórí ẹ́ńjìnnì kan náà, a ò lè ya ara wa ní ohunkóhun. Bóyá mo gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé mo ń gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí a ò mọ̀, tó bá kọjá níwájú wa, ta ni á kí i?

Nígbà tó yá, ó pa á. Ó gba rọ́bà létí mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó ti sùn.

“Ẹ lọ sinmi,” ó ní. “Ẹ ti gbìyànjú.”

Eléyín dé lọ́jọ́ kejì. Àwọn méjèèjì jọ wọ inú mọ́tò, Eléyín ń wà á. Mo wà lójú fèrèsé mi. Wọ́n dé ìkóríta, mo rí i tí mọ́tò náà tẹ imú balẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà tó wá yí ọkàn padà, kó tó fò. Kò gùn ju ìṣẹ́jú ojú. Ẹni tí kò bá wá a kò ní rí i.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Eléyín bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń sọ fún ọmọdé pé abẹ́rẹ́ náà kò ní dùn ún. Ó lọ sápá ọ̀tún àbúrò mi, ó pariwo.

“Ó ti lọ, Bàbá! Kò rò ó mọ́ rárá!”

Mo di fèrèsé mú. Nínú ọkàn mi, mo ń bẹ àbúrò mi: gbà á. Ọmọlúàbí ọkùnrin kan ń parọ́ fún ọ, gbà á, kó o lọ jẹun.

Àbúrò mi ṣì jókòó nínú mọ́tò. “Dókítà, ẹ̀yìn mi gbọ́ ọ.”

“Bàbá…”

“Nígbà tí ẹ tẹ ẹ́, àga ò tì mí lẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Ó dúró ná. Etí mi lè kú, ẹ̀yìn mi ò tíì kú.” Ó jáde, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò náà bí ẹni ń di ilẹ̀kùn yàrá tí ènìyàn ń sùn nínú ẹ̀. “Ẹ gbé e lọ bá wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù ò mọ̀ pé Elétí ni mò ń jẹ́.”

Eléyín kò mọ ohun tí ì bá fọwọ́ ẹ̀ tó mọ́ yẹn ṣe. Ó dì í mú sẹ́yìn, ó tún mú un wá síwájú.

“Tí wọ́n bá yọ kábúrétọ̀ náà,” àbúrò mi ní, “ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú nù.”

Eléyín kò jẹ́ kí wọ́n jù ú nù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló gbé e wá nínú páálí, ó fi tówẹ̀lì funfun ibi iṣẹ́ ẹ̀ wé e. Orí tábìlì àbúrò mi ló wà dòní, ẹnu mẹ́rin kọjú sí ògiri. Ó ń nù wọ́n. Ẹ̀rọ omi ṣì ń wá, ẹ̀rọ koríko ṣì ń wá, àwọn tó ń gbé e wá ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa dúró sí. Wẹ́dà kò fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ ló ń pè é báyìí, mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ìyẹn dùn mí ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Ohun tó wá kù ni pé, bí mọ́tò kankan bá ń kọjá, àbúrò mi kì í gbé orí síbi títì mọ́. Fèrèsé mi ló ń wò. Ó ń wo ojú mi bóyá mọ́tò náà ń dún dáadáa. Èmi, kí ni mo mọ̀? Mo máa ń fún ẹnu pọ̀ tó bá ń pariwo, mo máa ń mi orí tó bá rọra lọ. Ó máa ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò pupa yẹn gba iwájú ilé wa kọjá. Ó dé ìkóríta, Eléyín tẹ iná, ó sì fò. Kò húkọ́, kò fà sẹ́yìn, kò ro nǹkan kan. Nígbà tí mo fi máa wo ìsàlẹ̀, àbúrò mi ti dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, jẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ omi lọ́wọ́ kan, ó ti gbójú sókè sí mi.

“Òun ni?”

Mo mi orí pé òun ni.

“Ṣé ó rò ó?”

Ẹ sọ fún mi, ojú wo ni kí n ṣe? Tí mo bá ní ó rò ó, á mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni mọ́tò náà borí. Irọ́ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ó ń wo ojú mi, ojú tirẹ̀ kò sì tíì kú.

“Kò rò ó!”

“Báwo ló ṣe ń dún?”

“Bíi màmá wa.”

“Kó tó ṣàìsàn?”

“Kó tó ṣàìsàn.”

Ó mi orí. Ó gbé jẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ omi náà sókè, ó fi wo ojú ọ̀run bóyá ihò ẹ̀ là.